Iyán Kì í Dúró De Alága

Kí n tó sọ ohun tí ojú Ọ̀gbẹ́ni Jeremáyà Bámgbóyè rí lọ́dún 1978, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín: bí ẹ bá ní iyán níwájú, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó máa ka ìwé yìí lọ. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í kúrú, ọkùnrin tí mo sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Bí iyán yín bá tutù, ẹ má ṣe wá mi wá.

Bámgbóyè ṣe akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó-Èkìtì fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá rẹ̀ àyàfi bó bá tẹ agogo. Agogo onídẹ kékeré kan ni, ó wà lórí tábìlì lápá ọ̀tún rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́séńjà á sáré wọlé. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, akọ̀wé kékeré á gbé fáìlì wá. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ọ́fíìsì á dìde dúró, wọn á máa wo ara wọn lójú pé ta lọ̀rọ̀ kàn lónìí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, wọ́n fún un ní aago ara ògiri, wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún un ní agogo náà. Ó jù ú sápò kóòtù rẹ̀, ó gbé e relé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó jókòó ní pálọ̀, ó tẹ agogo. Monínúọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Kàdúná àti Ìbàdàn. Adìẹ kan ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Bámgbóyè, Bámgbóyè náà wò ó, adìẹ bá tirẹ̀ lọ. Bàbá náà kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rù gidi. Ilé dákẹ́ jù, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní Ọ̀gá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ohun tó yọ ọ́ ni Ọjọ́rú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀ máa ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́rú, ní aago méjìlá ọ̀sán, láti jẹun pọ̀. Akínbọ́lá ni àgbà wọn, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú mẹ́fà. Òun ló dá ìpàdé náà sílẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìn tì tó sì ń dá jẹun nílé, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa bá àwo sọ̀rọ̀. Ọláoyè ni èkejì, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá àwọn tó ń la títì, tó sì máa ń jẹun bí ẹni pé òun nìkan ló ru gbogbo òkúta ibẹ̀. Ìkẹta ni Adélékè, ọmọ Ìjọ Àgùdà, tó ti ṣe apòògùn ní ọsibítù, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mìíràn wọn a jẹ ìrẹsì ní àdúgbò Adébáyọ̀, ọjọ́ mìíràn wọn a yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́wà kan ní Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn wọn wà ni búkà Rẹ̀mílẹ́kún ní Òkè-Ìlá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olúmidé. Ìyá Olúmidé kì í gún iyán sílẹ̀ de oníbàárà. Ìgbà tó bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè ló ń da iṣu sódó, kí wọ́n sì tó fọwọ́ tán, iyán ti dé orí tábìlì, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. Nínú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Akínbọ́lá ló ń bu òkèlè àkọ́kọ́ nítorí òun ni àgbà, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ ṣíwọ́ kí ó lè kù fún àwọn àbúrò, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Bámgbóyè kọ́kọ́ wá, kóòtù ló wọ̀ tòun ti táì, ó sì gbé agogo dání. Ọláoyè rí i lókèèrè, ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn dìde, Alága ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde. Bámgbóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ jókòó sí ìdí tábìlì lápá òkè, níbi tí Akínbọ́lá máa ń jókòó sí, ó gbé agogo kalẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fi ọkàn tán òun. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ ṣọ́ ẹnu yín.

Ní Ọjọ́rú kejì, ó gbé fáìlì wá. Ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbà Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì fún Oúnjẹ Ọ̀sán, Ẹ̀ka ti Adó-Èkìtì. Akínbọ́lá béèrè ibi tí àwọn ẹ̀ka yòókù wà. Bámgbóyè ní wọ́n ń bọ̀. Ó pín ìwé kan fún wọn tó to bí ìpàdé yóò ṣe máa lọ. Àdúrà ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ Alága, lẹ́yìn náà kíka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó jẹ yọ láti inú àkọsílẹ̀ ọ̀hún, lẹ́yìn náà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Alága. Oúnjẹ ló gbẹ̀yìn, ó sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé “bí àkókò bá wà.”

Bí Ìyá Olúmidé ti gbé iyán kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bámgbóyè tẹ agogo, ó sì dìde.

“Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n,” ó ní, “ẹ̀yin òpó tó gbé ìjọba ró láti ayé òyìnbó títí di ayé sójà, ẹ̀yin tí ẹ fi ìgbà èwe yín sin ilẹ̀ yìí láìwẹ̀yìn. Ó di dandan fún mi, gẹ́gẹ́ bí Alága yín, kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ipa ribiribi tí iyán ti kó nínú iṣẹ́ ìjọba. Mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà méje.”

Ó pín in sí ọ̀nà méje lóòótọ́. Akínbọ́lá ń wo èéfín tó ń kúrò lórí iyán díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń wọkọ̀ lọ sí ìdálẹ̀. Ní ọ̀nà kẹrin, ebi ti mú Ọláoyè débi pé ó rò ó pé bí òun bá yin ọkùnrin yìí, bóyá yóò yó fún ìyìn, yóò sì jókòó. Ó gbé ohùn sókè, ó ní ọ̀rọ̀ Alága jinlẹ̀. Inú Bámgbóyè dùn gan-an. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti jinlẹ̀, bóyá kò yé gbogbo wọn, ó sì padà sí ọ̀nà kìn-ín-ní.

Láti ọjọ́ náà ni ìyìn ti di ara ìpàdé. Akínbọ́lá a ní kò sí akọ̀wé bí i Bámgbóyè mọ́ láti ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ti lọ. Adélékè a mi orí. Bámgbóyè a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kà á sí wọn létí ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Ìyá Olúmidé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó láti ìdí odó, a dúró sẹ́nu ọ̀nà a máa wo iyán tó gbé kalẹ̀. Ọjọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra.

“Bàbá, ẹ dákun,” ó ní. “Uyán kì í dúró de ẹnìkankan.”

Bámgbóyè ní òun ti gbọ́, wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àṣẹ tuntun ń tẹ̀ lé àṣẹ tuntun. Wọ́n á máa jókòó ní ìbámu pẹ̀lú ipò tí olúkúlùkù wà kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà Akínbọ́lá tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn bọ́ sí ìjókòó tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ tábìlì. Alága ni yóò máa bu òkèlè àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ yóò kọ̀wé béèrè, ìwé náà yóò sì gba ọwọ́ igbákejì Alága kọjá, ìyẹn Ọláoyè. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Ọláoyè nìkan ló máa ń béèrè ọbẹ̀, òun ló ń kọ̀wé sí ara rẹ̀, òun náà ló sì ń buwọ́ lù ú pé òun ti rí i.

Nígbà tó di Ọjọ́rú Eérú, Adélékè yà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti eérú níwájú orí, ó wá sọ fún wọn pé òun ń gbààwẹ̀, òun kò ní lè jẹun lónìí. Bámgbóyè fún un ní kúẹ́rì. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, kúẹ́rì ni ìwé tí ọ̀gá ń kọ síni pé kí a ṣàlàyé, láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹni. Mo ti rí ọkùnrin àgbà tó sunkún nítorí rẹ̀. Adélékè dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé nítorí Ọlọ́run ni. Bámgbóyè kọ ọ́ sí abẹ́ èsì náà pé: “Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá.”

Bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú ló ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ń kọ ọ́, ọjọ́ Ẹtì ló ń tún un kọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń kà á sókè ní pálọ̀ fún adìẹ. Ìpàdé yẹn nìkan ló kù tó ń jí i láàárọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ohun tó fẹ́ràn jù láyé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́, nítorí àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́. Bámgbóyè ní òun ti pé oṣù mẹ́ta lórí àga, ó sì yẹ kí òun jíhìn. Ó jíhìn fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Nígbà tó jókòó nígbẹ̀yìn, tó na ọwọ́ láti bu òkèlè àkọ́kọ́, iyán kọ̀, kò já. Ó ti le bí ọṣẹ. Ó tún fà á, gbogbo iyán náà bá a gbéra nínú àwo. Ọláoyè tẹjú mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa á.

Bámgbóyè tẹ agogo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá Olúmidé jáde wá, ó ń nu ọwọ́ sí aṣọ. Bámgbóyè fa ìwé yọ nínú fáìlì, ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì na kúẹ́rì sí i lórí ẹ̀sùn iyán tútù. Obìnrin náà kò mọ̀wé kà, ó gbé e fún Akínbọ́lá. Akínbọ́lá tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kà á pẹ̀lú ohùn kékeré, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

“Bàbá,” Ìyá Olúmidé ní, “uyán yìí gbóná nígbà tí mo gbé e ka yín níwájú. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi tutù.”

Bámgbóyè sọ fún un pé kì í ṣe lẹ́nu ni wọ́n ti ń dáhùn kúẹ́rì. Obìnrin náà ká ìwé náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní òun á fèsì. Alága bá kéde pé òun ti lé búkà náà kúrò nínú ètò ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn sójà ti fi rédíò lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adébáyọ̀ ni ìpàdé yóò ti máa wáyé, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ni wọn yóò sì máa fi jẹun. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Bámgbóyè kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan.

Ní Ọjọ́rú náà, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì. Aago méjìlá lù. Aago kan lù. Obìnrin tó ń tọ́jú àlejò níbẹ̀, Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀, ló wá kó lẹ́tà mẹ́ta fún un, tó ní bàbá arúgbó kan fi sílẹ̀ láàárọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ já jẹ́ ti Akínbọ́lá:

“Ọ̀gá, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé mo ti pinnu láti fẹ̀yìn tì kúrò nínú ìfẹ̀yìntì mi, láti òní lọ. Mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí ẹ fún mi láti sìn lábẹ́ yín. Èmi ni ìránṣẹ́ yín olùgbọràn.”

Ti Ọláoyè náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ó fi kún un pé nítorí ìlera òun ni, ebi. Ti Adélékè nípọn ju ìyókù lọ, nítorí pé ó fi ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ Fadá sínú rẹ̀, pé lóòótọ́ ni arákùnrin náà gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú.

Bámgbóyè mọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà dáadáa. Òun ló kọ irú rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ, òun ló ń sọ ibi tí wọn yóò buwọ́ lù fún wọn. Kò tíì sí ẹni tó kọ ọ́ sí òun alára rí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí agogo, ó tẹ̀ ẹ́. Sẹ̀gilọlá sáré wá, ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Bámgbóyè dìde dúró, ó sọ fún un pé àwọn tó wà ní ìjókòó kò pé iye tó yẹ, nítorí náà a sún ìpàdé síwájú. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àwọn kò ní ìyẹn lónìí, ìrẹsì nìkan ló kù.

Inú bí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kọ kúẹ́rì mẹ́ta sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣe ẹ̀dà wọn fún fáìlì, ó lẹ àpò ìwé pa, ó tẹ agogo kí mẹ́séńjà wá gbé wọn. Adìẹ ló dé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ṣe àṣìṣe tó dùn ún jù. Ó dọ́gbọ́n gba Òkè-Ìlá kọjá ní Ọjọ́rú, bí ẹni tó ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní búkà Ìyá Olúmidé, wọ́n yí iyán ká, èéfín ń rú, Ọláoyè ń sọ nǹkan, Akínbọ́lá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rí i. Adélékè ló kọ́kọ́ nahùn sí i pé kó wá bá àwọn jẹun. Ẹ sì mọ àṣà wa: bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun, tí o kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú oníwọra wò ọ́, wàá ní ó á gba ibi ire, wàá sì kọjá, bí ikùn rẹ tilẹ̀ ń pariwo.

“Ó á gba ibi ire,” Bámgbóyè ní. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó kọjá lọ.

Ó délé, ó rẹ gààrí, ó mu ún, ó sì jókòó ti abọ́. Ó gbọ́ tí òun alára ń sọ fún abọ́ náà pé gààrí yìí kò kan. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Akínbọ́lá sọ nípa bíbá àwo sọ̀rọ̀ wá sí i lọ́kàn, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣe ohun tí kò sí akọ̀wé kan tó ṣe é rí ní gbogbo Èkìtì. Ó kọ kúẹ́rì sí ara rẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni J. Bámgbóyè ṣàlàyé, láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìdí tó fi tú tábìlì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká. Ó buwọ́ lù ú, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, ó jókòó, ó gbà á. Ó gbìyànjú èsì mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ní ọ̀nà méje. Ó fa gbogbo wọn ya, nítorí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé irú rẹ̀ wá, òun á kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kí wákàtí tó pé, ìlà kan ló kù lórí ìwé náà: “Ilé dákẹ́ jù, ẹ̀rù sì bà mí.” Ó wò ó títí. Ó rí ara rẹ̀ tòun ti táì níwájú adìẹ, ẹ̀rín sì bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi húkọ́.

Ní Ọjọ́rú, kò so táì. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ó dé fìlà, ó fi agogo sílẹ̀ nílé fún adìẹ. Láti ojú ọ̀nà Òkè-Ìlá ló ti ń gbọ́ ìró odó Ìyá Olúmidé. Ó ti bá àwọn ọ̀gá òyìnbó jókòó rí, ẹ̀rù kò bà á tó báyìí. Bí wọn kò bá pè é ńkọ́? Bí wọ́n bá sì pè é, ṣé ẹnu rẹ̀ kò ní kó bá a?

Ó dé ẹnu ọ̀nà búkà, ó kí wọn, ó dúró. Kò sẹ́ni tó dìde.

“Ẹ wá jẹun,” Akínbọ́lá ní.

“Ó á gba ibi ire” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, bí gbogbo ohun tí ènìyàn ti ń sọ láti kékeré. Bó bá jáde, Bámgbóyè mọ̀ pé òun á padà sílé, àti pé òun kò ní lè gba ibí mọ́ láéláé. Ó gbé e mì. Ó rìn lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ tábìlì.

Akínbọ́lá wò ó, ó sì béèrè, bí ẹni tí kò bínú, bóyá Alága ní ọ̀rọ̀ láti sọ kí oúnjẹ tó dé. Bámgbóyè ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọláoyè ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, wọ́n sì wo ara wọn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé bóyá yóò tún padà sí ọ̀nà kìn-ín-ní. Kò padà.

Ìyá Olúmidé gbé iyán jáde láti ìdí odó. Kò gbé e fún Akínbọ́lá. Ó gbé e wá sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ó gbé e ka iwájú Bámgbóyè, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì fi ìwé kúẹ́rì ọjọ́ náà tó ti ká mọ́ra sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

“Èsì kúẹ́rì yín nìyí, Bàbá,” ó ní. “Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Bámgbóyè rọra ti àwo náà sọ́dọ̀ Akínbọ́lá, ó sì dúró kí àgbà bu òkèlè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ tirẹ̀. Iyán jó o lọ́wọ́, ó jó o lẹ́nu, omi lé ròrò sí i lójú, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá iyán nìkan ló fà á.

“Ó gbóná,” ó ní.

Ọláoyè ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Alága ti sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Gbogbo ọwọ́ ló wà nínú àwo.